Èdè Kì Í Gbé Inú Àpótí Gíláàsì: Ìtàn Abúlé Àwọn Gael ní Kánádà

Bí a bá gbọ́ "ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé", ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ère inú àpótí gíláàsì àti àkọlé "Má fọwọ́ kàn án". Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní Iona, lórí erékùṣù Cape Breton ní Kánádà, tí wọ́n ti ń ní kí àlejò jókòó, kó fọwọ́ kan nǹkan, kó sì kọrin. Baile nan Gàidheal lorúkọ rẹ̀, ìyẹn Abúlé Àwọn Gael.

Agbègbè olókè àti àwọn erékùṣù ilẹ̀ Skọ́tlándì ni àwọn Gael ti wá. Owó ilẹ̀ ń gòkè níbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ sì ń lé àgbẹ̀ kúrò kí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà sin àgùntàn. Ní 1773, ọkọ̀ Hector kó nǹkan bí 200 ènìyàn wá sí Pictou ní Nova Scotia. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tẹ̀lé wọn, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀dó sí Cape Breton. Èdè wọn bá wọn wọ ọkọ̀.

Ohun tí òkun kò gbà lọ́wọ́ wọn, ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jẹgba nítorí Gaelic. Ní 1890, Sẹ́nétọ̀ Thomas Robert McInnes gbé àbá wá pé kí Gaelic di èdè ìjọba ní Kánádà. Wọ́n dà á nù. Nígbà tó yá, àwọn òbí fúnra wọn kò fi èdè náà bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní abúlé yìí, ẹ ó rí ilé olókùúta irú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Skọ́tlándì, ilé onígi, ilé ìwé àti ilé alágbẹ̀dẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ gba orí omi Bras d'Or wá láti Malagawatch ní 2003. Ṣùgbọ́n ìdí tábìlì kan ni ọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá hun aṣọ onírun àgùntàn tán, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa gbá a mọ́ ọn kó lè ki. Ẹnì kan á lé orin ní Gaelic, àwọn yòókù á gbè é. Àlejò tí kò gbọ́ Gaelic rárá yóò ti gbè é kí aṣọ tó yí tábìlì po.

Ṣọ́ọ̀bù ń ta aṣọ tó ki lónìí. Síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló fún orin níbùjókòó, orin ló sì gbé èdè sórí ahọ́n. Òótọ́ ni pé abúlé kan kò lè ṣe iṣẹ́ ìyá àti bàbá. Àlejò á padà sílé nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè rí kò lè pàdánù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wá a.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló san owó ìtanràn nílé ìwé nítorí pé a sọ Yorùbá. Tí ẹ bá délé ní họlidé yìí, ẹ jókòó ti ìyá àgbà nídìí iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá lé orin, ẹ gbè é.