Òdo Pátápátá: Ibi tí Òtútù Parí Sí, àti Omi Méjì Ìkógòsì

Òdo pátápátá ni ìpẹ̀kun òtútù. Dígírì Celsius 273.15 ló fi rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ti ń di yìnyín lọ. Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí, Walther Nernst sì ti sọ lọ́dún 1912 pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà débẹ̀. Síbẹ̀ a mọ ibi tó wà, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru ṣiṣẹ́ ń tọ́ka sí i láti òkèèrè. Sadi Carnot, ọmọ Faransé, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1824 pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi gbígbóná tí yóò ti gba ooru àti ibi tútù tí yóò da ìyókù sí, àti pé bí kò bá sí òfò kankan, ìgbóná ibi méjèèjì nìkan ló ń pinnu iye ooru tó lè di iṣẹ́. Lọ́dún 1848, William Thomson, tí a wá mọ̀ sí Lord Kelvin, sọ èyí di òṣùwọ̀n ìgbóná tí kò gbára lé mákúrì tàbí ọtí inú gíláàsì.

Kí a wo omi híhó. Kílò omi kan ní dígírì 100 ń gba kilojoule 2257 kó tó di eéfín tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá fi eéfín yẹn ṣiṣẹ́ láàárín ibi méjì tí dígírì kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀, iṣẹ́ tí a lè rí jẹ́ nǹkan bíi kilojoule 6.05, agbára tí eéfín fi ń tì àti àyè tó ń gbà la fi ṣírò rẹ̀. Bí ibi tútù bá wà ní òdo, gbogbo ooru náà ni ì bá di iṣẹ́; nítorí náà, bí dígírì kan bá jẹ́ 6.05, 2257 jẹ́ dígírì 373. Ìyẹn ni pé omi híhó fi dígírì 373 ga ju òdo lọ, yìnyín sì fi 273 ga jù ú. Ẹni tó bá ní a ti mọ òdo tẹ́lẹ̀ kí a tó ṣírò rẹ̀, kó wò ó dáadáa: kò sí òdo kankan nínú iye méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ìkógòsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì tí Aràmọkọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní ibi gbígbóná àti ibi tútù tirẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sun láti inú àpáta, omi tútù ń ṣàn wá pàdé rẹ̀. Ká ní ọ̀kan jẹ́ dígírì 38, èkejì 25. Nínú joule 1000, ẹ́ńjìnnì aláìlófò yóò sọ 41.8 di iṣẹ́, yóò da 958.2 sínú omi tútù. Bí dígírì 13 bá jẹ́ 41.8, 958.2 jẹ́ 298. Ẹ kà á sísàlẹ̀ láti orí 25, ẹ ó bá òdo kan náà. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé 70 ni ìgbóná orísun náà. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yóò di 131, dígírì àárín wọn yóò di 45, òdo kò sì ní yẹsẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣòfò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfò máa ń dín iṣẹ́ kù ni, á sì mú kí òdo dà bí èyí tó jìnnà ju bó ti wà lọ. Kì í mú un súnmọ́. Níbi tí omi méjèèjì ti pàdé ní Ìkógòsì gan-an, òfò náà pé pérépéré: ooru ń kọjá láti inú ọ̀kan sínú èkejì, joule 41.8 tó yẹ kó di iṣẹ́ nínú ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan sì ń bá odò lọ.