Ohun Tí Ayùn Jẹ

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo jí bá pákó máńgòrò márùn-ún tí wọ́n tẹ́ sójú oòrùn láàárín àgbàlá wa. Ìjì ló wó igi máńgòrò náà lẹ́yìn ilé. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ládùúgbò la jọ la ìtì rẹ̀. Mo kọ ìlànà iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un ní Yorùbá, ojú ewé mẹ́rin, nítorí ó wù mí kí ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ igi ṣe àfipawọ́ rí ohun kà lédè rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ẹnu àwọn pákó náà ti sán, méjì nínú wọn sì ti lọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbé wọn kúrò lábẹ́ òrùlé. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé kí n sá wọn.”

Òótọ́ ló sọ. Àgbàdo là ń sá, gbágùúdá là ń sá, aṣọ là ń sá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ojú oòrùn ni yóò wá lọ. Pákó kò sì fẹ́ oòrùn. Ibòòji ló fẹ́, àti atẹ́gùn tó ń gba àárín pákó kan sí èkejì, kí omi ara rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Bí òde pákó bá gbẹ ṣáájú inú, òde á fẹ́ súnkì, inú kò ní gbà fún un, ni yóò bá sán. Ẹnu méjèèjì ló sì máa ń yá gbẹ jù, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ọ̀dà kun ibẹ̀ kí a tó gbé e kalẹ̀. Tí a bá wo iṣẹ́ náà dáadáa, ṣe là ń to pákó lérí ara wọn, tí à ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú sáàárín wọn, tí a sì ń fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ. Mo pa “sá” rẹ́ nínú ìwé náà, mo kọ “ìtògbẹ” dípò rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn di “ìdábùú”. Láti ọjọ́ náà, kò sí pákó wa tó tún dé ojú oòrùn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun nínú iṣẹ́ yìí: bí ọmọṣẹ́ bá gbọ́ ọ, ṣé ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe ohun tó tọ́? Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ti ran àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ìdí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò bá dára nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ti ìdí iṣẹ́, ó ti ba igi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Àmì ohùn pàápàá di ọ̀ràn ńlá níbí. Igi tó gbẹ yàtọ̀ sí igi tí a gbẹ́. Bí ènìyàn bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá èyí tí omi ti tán lára rẹ̀ ni, tàbí èyí tí ọ̀bẹ ti kọjá lára rẹ̀? Àwọn agbẹ́gilére wa sì máa ń gbẹ́ igi nígbà tó ṣì tútù, nítorí igi tútù rọ̀ lábẹ́ irin. Ẹni tó ń kan àga kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkèé tó dì ṣinṣin lónìí yóò yọ̀ bí igi náà bá súnkì lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Gẹ̀ẹ́sì ń pe igi tútù ní aláwọ̀ ewé, mo sì ti rí i kà níbi tí ẹnì kan ti gbé e wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Igi tútù ni àwọn ìyá wa ń pè é nígbà tó bá ń rú èéfín nídìí ààrò. Kí ló tún kù tí à ń wá?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí là àti rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ìtì di pákó, ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yé e ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí á gé igi ní òró àti kí á gé e ní ìbú. Lagilagi ń la igi. Ẹni tó ń já ẹ̀ka kúrò lára rẹ̀ ń rẹ́ ẹ. Iṣẹ́ méjì ni, eyín ayùn wọn sì yàtọ̀. Eyín ayùn tó ń là ṣe bí ṣísẹ́ẹ̀lì, ó ń họ igi jáde. Eyín ayùn tó ń rẹ́ ṣe bí ọ̀bẹ, ó ń gé fọ́nrán igi sí ọ̀tún àti òsì. Bákan náà ni ṣéènì ẹ̀rọ ìgégi: èyí tí wọ́n ń tà fún rírẹ́, wọ́n pọ́n eyín rẹ̀ sí nǹkan bíi dígírì 30, ẹni tó bá fẹ́ fi là yóò pọ́n ọn sí nǹkan bíi 10. N kò dá ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Ayùn ìlàgi, ayùn ìrẹ́gi. Ṣéènì ìlàgi, ṣéènì ìrẹ́gi. Ọmọ tó bá ti la igi ìdáná rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀yìn ìtì máńgòrò wa kò tẹ́jú, nítorí náà a kan àkàbà mọ́ ọn lórí, férémù irin tó wà lára ẹ̀rọ ìgégi sì gun orí àkàbà náà lọ gbọnrangandan. Ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà là níbẹ̀ ni gbogbo ìlà tó kù ń wò. Bó bá wọ́, gbogbo pákó ni yóò wọ́. Ìlà atọ́nà ni mo pè é.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni orúkọ àyè tí ayùn gbà kọjá. Mo kọ́kọ́ kọ “àlàfo ayùn”, kò dùn létí. Mo kọ “ojú ọ̀nà ayùn”, ó gùn, kò sì sọ pé igi kankan ṣòfò. Ìgbà tó yá, mo wà ní ọjà pákó Bódìjà n'Íbàdàn, mo ń bá wọn nájà, ni bàbá kan tó ti ń la gẹdú ọjọ́ ti pẹ́ sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé pákó náà kò lè pé íńṣì méjì gbáko, “torí ayùn á jẹ tiẹ̀.” Mo dá owó tí mo ń kà dúró. Ohun tí mò ń wá láti oṣù mẹ́ta ni bàbá yìí sọ jáde lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ìjẹ ayùn! Láti ìgbà náà, ìṣirò rẹ̀ kò tún ṣòro fún ọmọṣẹ́ mi. Ìjẹ ẹ̀rọ ìgégi tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íńṣì. Bó bá la ìtì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, igi tó nípọn tó íńṣì 3 ti di lẹ́búlẹ́bú nílẹ̀. Oúnjẹ ayùn ni, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí á tó ka iye pákó tí ìtì yóò fún wa.

Gbogbo pákó tí kò bá tọ́, ohun tí àwọn káfíńtà wa ń sọ ni pé ó ti bẹ́ńdì. Èmi kì í bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, ṣùgbọ́n èyí ń dá iṣẹ́ dúró, nítorí ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni pákó ń gbà bàjẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ká sókè tí àárín jin, ó káko. Bó bá dà bí ọrun ọdẹ láti ìdí dé orí, ó tẹ̀. Bó bá wà ní títẹ́jú ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yà sápá kan, ó wọ́, bíi ti igi wọ́rọ́kọ́ tí ń da iná rú. Bí igun kan bá dìde tí mẹ́ta yòókù jókòó, ó lọ́. Ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Èyí tó káko, a lè là á sí méjì tẹ́ẹ́rẹ́ kí á fá wọn. Èyí tó tẹ̀, kí á rẹ́ ẹ kúkúrú, ó ti wúlò. Èyí tó wọ́, ayùn ìlàgi yóò tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tó lọ́ ni wàhálà, nítorí kó tó tẹ́jú, a ó ti fá ìdajì rẹ̀ dànù. Ẹni tó ní bẹ́ńdì nìkan lẹ́nu kò ní mọ èyí tó yẹ kó rà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn agbẹ́gilére náà ti fi ogún sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ń pín iṣẹ́ wọn sí ìpele: ọ̀nà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké àti ẹdùn gé igi dé ìrísí, àlétúnlé, tí wọ́n ń padà bọ̀ wá tún un lé, lẹ́yìn rẹ̀ ni dídán, fínfín ló sì kẹ́yìn. Irú iṣẹ́ yìí ni Bámidélé, ọmọ Aréógun ti Òsì, ń ṣe ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì nígbà tí àlùfáà Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1947, ibẹ̀ náà sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ya àlétúnlé lò. Pákó tí a là ní tútù, a máa ń jẹ́ kó nípọn ju ohun tí a fẹ́ lọ. Bó bá gbẹ, tó sì ti wọ́ tàbí káko tó bó ṣe fẹ́, a ó wá lé e lẹ́ẹ̀kejì dé ìwọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò lórúkọ lẹ́nu àwọn káfíńtà tí mo mọ̀. Ó ti ní in lẹ́nu àwọn bàbá wọn.

Bíbélì náà yá mi ní ọ̀rọ̀ kan. Níbi tí ìwé Ẹ́kísódù ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe to pákó àgọ́ àjọ, àwọn atúmọ̀ èdè lo “ihò ìtẹ̀bọ̀”. Ìtẹ̀bọ̀ ni ohun tí à ń tẹ̀ bọ inú ihò: orí pákó kan tí a gbẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè wọnú ìkejì. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí káfíńtà kankan tí mo mọ̀ kò lò!

Ti àwọn ọ̀rọ̀ ọjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Tú-báì-fọ̀ọ̀ ni tú-báì-fọ̀ọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà kò ní rí pákó rà. Kò sí ìtìjú nínú kí èdè yá ọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ta igi ní Lọ́ńdọ̀nù ń pe ìrókò ní ìrókò, wọ́n ń pe ìdígbó ní ìdígbó, wọ́n ń pe ọ̀pẹ̀pẹ̀ ní ọ̀pẹ̀pẹ̀; ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú orúkọ náà, tòun ti igi.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò tíì rí ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn fún: apá ibi tí fọ́nrán igi dorí kọ, èyí tí ẹni tó ń fá pákó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé kí igi má baà ya. “Ìrìn igi” ni mo kọ síbẹ̀ ní báyìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú, ní Kétu tàbí ní Àkókó ti ní orúkọ tó dára jù ú lọ, tó ń fi bá ọmọṣẹ́ rẹ̀ wí lójoojúmọ́. Ẹ bá mi bi káfíńtà àdúgbò yín. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.