Àlejò ní ẹnu ọ̀nà Belmont

Òkúta kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà ní ìlú Belmont, nítòsí Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Belmont Abbey College ni wọ́n ń pè é. Àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà tó ń tẹ̀lé ìlànà Benedict Mímọ́ ló dá a sílẹ̀ ní 1876. Láti Saint Vincent ní Pennsylvania ni wọ́n ti wá. Ìkí káàbọ̀ wọn kì í ṣe àṣà ẹnu lásán o, òfin ni.

Ní ọ̀rúndún kẹfà ni Benedict kọ òfin náà ní Ítálì. Orí 53 dá lórí àlejò. Ó ní kí wọ́n gba àlejò tó bá dé bí ẹni pé Kristi gan-an ló dé. Olórí ilé ni kó bu omi sí i lọ́wọ́. Òun àtàwọn yòókù ni kó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n dá ilé ìdáná ọ̀tọ̀ sílẹ̀, torí àlejò kì í sọ ìgbà tó máa dé. Èyí tó wù mí jù ni pé ó ní kí wọ́n túbọ̀ ṣaájò tálákà àti arìnrìnàjò. Ní ti olówó, ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ti tó láti mú kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Ọkùnrin yẹn mọ èèyàn! Orí 66 wá sọ irú ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: àgbàlagbà ọlọ́gbọ́n, tó máa ń fi ọpẹ́ Ọlọ́run dá tálákà tó bá ń ké síta lóhùn.

Ìyá mi ni mo rántí nígbà tí mo kà á. Ó wá kí mi ní iléẹ̀kọ́ gíga kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tòun ti àpò gàárì lórí. Wákàtí méjì ni wọ́n fi dá a dúró sínú oòrùn ní géètì, torí pé kò mọ orúkọ ẹ̀ka tí mo wà. "Tíṣà lọmọ mi" ló ń wí ṣáá. Gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ń bẹ́rí fún mọ́tò ńláńlá tó ń kọjá.

Ó dáa, òkúta wa. Oko ńlá ni ilẹ̀ Belmont Abbey tẹ́lẹ̀, kí Fada Jeremiah O'Connell tó rà á, tó sì fi í fún àwọn mọ́ńkì. Wọ́n ní orí òkúta kan níbẹ̀ ni wọ́n ń mú ẹrú dúró lé láti tà á. Àwọn mọ́ńkì gbẹ́ ihò sí i, wọ́n sọ ọ́ di ọpọ́n ìrìbọmi. Àkọlé ara rẹ̀ sọ pé ibi tí wọ́n ti ń ta èèyàn rí ni omi ti ń sọ èèyàn di ọmọ Ọlọ́run báyìí.

Mo gbà pé èrò rere ló wà nídìí ẹ̀. Síbẹ̀, ó ń dùn mí. Àwọn tí wọ́n mú dúró síbẹ̀ yẹn náà ti òkèèrè wá, àwọn tàbí àwọn baba wọn. Ta ló bu omi sí wọn lọ́wọ́? Ọdún 11 péré ló wà láàárín 1865, tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, àti ìgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀. Ní February 1960, ní Greensboro, ní ìpínlẹ̀ kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin jókòó sídìí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù Woolworth. Kọfí lásán ni wọ́n fẹ́ rà, wọn ò tà á fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbà pé omi ọpọ́n kan ti fọ ọ̀rọ̀ yẹn tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Charlotte, ẹ bá mi lọ wò ó. Tí wọ́n bá ti kí yín káàbọ̀ tán, ẹ bèèrè orúkọ àwọn tí wọ́n tà lórí ẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.