Ìkòkò Alumíníọ̀mù: Irin Tuntun Lọ́wọ́ Alágbẹ̀dẹ Àtijọ́

Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìkòkò amọ̀ ni òwe yìí kọ́kọ́ bá wí, irú èyí tí àwọn obìnrin Ìṣàn Èkìtì gbajúmọ̀ fún mímọ. Ṣùgbọ́n níbi ìnáwó ní Ìṣẹ́, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ẹ̀múré lónìí, ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ọwọ́ dà ni alásè ń gbé kaná. Báwo ni irin yìí ṣe di tiwa?

Alumíníọ̀mù kò pẹ́ láyé. Ọdún 1825 ni Hans Christian Ørsted, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde. Ó ṣòro láti rí nígbà náà, ó sì wọ́n gan-an. Ní 1886, Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́, láìjẹ́ pé wọ́n mọ ara wọn. Bí irin ọlọ́lá ṣe di irin mẹ̀kúnnù nìyẹn.

Nígbà tí irin òkèèrè pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìléru tí àwọn baba wa fi ń yọ irin láti inú òkúta kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kò kú. Irin lásán kò ní í yọ́ àfi bí iná bá kọjá 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Alumíníọ̀mù a máa yọ́ ní 660. Èédú àti ẹwìrì ká a. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún àwọn oníṣẹ́ irin láti gbà á mọ́ iṣẹ́ wọn. Ṣakí ní Òkè Ògùn, ìlú alágbẹ̀dẹ láti ayébáyé, wà lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn nínú dída ìkòkò yìí.

Àwọn tí ń ra kọ́ńdẹ́mù kiri ni wọ́n ń kó agolo, férémù fèrèsé àti ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì wá. Oníṣẹ́ yóò ki yanrìn tútù mọ́ ìkòkò àwòṣe nínú àpótí, yóò yọ àwòṣe náà jẹ́jẹ́, yóò sì da irin yíyọ́ sí àlàfo tí ó kù. Bí ó bá tutù, yóò tú yanrìn náà ká, yóò sì fi fáìlì dán ìkòkò náà. Yanrìn ọ̀hún ni yóò tún lò lọ́la. Ìkòkò náà kì í dípẹtà, bí ó bá sì fọ́, yóò padà sínú iná. Títún alumíníọ̀mù yọ́ kò gbà ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí a fi ń yọ tuntun. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ ńlá ALSCON ní Ikot Abasi: ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, ó dáwọ́ dúró ní 1999. Iná èédú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń jó.

Síbẹ̀, ewu wà níbẹ̀. Ìwádìí kan lórí irú ìkòkò yìí ní Kamẹrúùnù, tí ó jáde ní 2014, fi hàn pé òjé inú àlòkù irin lè jáde sínú oúnjẹ. Òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, kí ìkòkò pẹ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí ìjọba ran àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́ láti yẹ àlòkù wò kí wọ́n tó yọ́ ọ.

Ìlú Ìṣẹ́ mọyì oníṣẹ́ ọwọ́. Ọlọ́wẹ̀, tí ó gbẹ́ igi fún Arìnjalẹ̀, kú ní 1938, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé ibi ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum títí dòní. Ààfin ni iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ wà, ìtàn sì pa orúkọ rẹ̀ mọ́. Ilé ìdáná ni iṣẹ́ àwọn tí ń da ìkòkò wà, a kò sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ṣì wà láàyè láàrin wa. Ó yẹ kí a bi wọ́n léèrè ẹni tí ó kọ́ wọn níṣẹ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé, kí iná tó kú.