Kí Ìṣẹ́jú Àáyá Kan Tó Pé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni 4 January 2011 bọ́ sí. Aago Oman ni mo fi to ìtàn yìí. Wákàtí mẹ́ta ni aago wọn fi ṣáájú ti Nàìjíríà.

Aago márùn-ún ìdájí

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Muscat, olú ìlú Oman. Kò sí òṣùpá lójú ọ̀run, ó ti wọ ẹ̀gbẹ́ oòrùn lọ. Nǹkan bí òru yìí lọ́dọọdún ni àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Quadrantids máa ń já jù, ẹni tó bá tètè jí á rí nǹkan wò. Àmọ́ ohun ọ̀sán gangan ló gbé Thierry Legault dé Oman. Ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Ìfẹ́ ló fi ń ya fọ́tò ojú ọ̀run, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n yà débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan lára àwọn àpáta tó ń yí oòrùn po: 19458 Legault. Ní May 2009, láti Florida, ó ti ya ọkọ̀ òfuurufú Atlantis àti awò Hubble tó wà lójú òfuurufú pa pọ̀ bí wọ́n ṣe ń gba iwájú oòrùn kọjá. Tọ̀tẹ̀ yìí tún le ju ìyẹn lọ, torí ó fẹ́ kí òṣùpá náà wà nínú fọ́tò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Oman? Òṣùpá máa bo apá kan oòrùn lọ́jọ́ náà, Yúróòpù sì wà lára ibi tó ti máa hàn jù. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́kàn lé ojú ọ̀run Yúróòpù ní January, nígbà tí ìkùukùu lè tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko? Ẹ̀bá aṣálẹ̀ ló sàn. (Kí àwa ará Ìbàdàn má tíì rẹ́rìn-ín o. Ọyẹ́ tiwa náà kì í jẹ́ ká rí oòrùn kedere lóṣù yẹn.)

Aago méje àárọ̀

Oòrùn ti yọ. Àná, 3 January, ni ayé sún mọ́ ọn jù lọ́dún náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà. Oòrùn fi díẹ̀ tóbi lójú ju bó ṣe máa rí ní July lọ. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn, fọ́tò ló máa fi í hàn.

Aago mẹ́sàn-án

Ká tó sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ibi téèyàn máa dúró sí ló ṣe kókó jù. Ibùdó Òfuurufú Àgbáyé, ìyẹn ISS, ni Legault fẹ́ yà bó ṣe ń gba iwájú oòrùn kọjá; ó fẹ̀ tó 109 mítà láti etí kan dé ìkejì. Kó tó lè gba iwájú oòrùn kọjá lójú rẹ, o gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tóóró kan tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ lọ. Tó o bá yà kúrò níbẹ̀ sápá ọ̀tún tàbí òsì, ẹ̀gbẹ́ oòrùn ló máa gbà kọjá. O ò sì ní mọ̀ pé ó kọjá, torí kò sẹ́ni tó ń fojú lásán rí i lọ́sàn-án gangan.

Ilẹ̀ tóóró yìí ò sì dúró sójú kan. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún ń dí ISS lọ́wọ́, ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá yá wọ́n á tún fi ẹ́ńjìnnì tì í sókè. Nítorí náà, ìṣirò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti kásà. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á tún un ṣe bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé, títí dé òwúrọ̀ ọjọ́ náà. CalSky, ètò ìṣirò ojú ọ̀run kan láti Switzerland, ni Legault gbára lé.

Aago mẹ́wàá

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni nínú ISS, torí aago Greenwich ni wọ́n ń lò níbẹ̀, àkókò tí wọ́n sì máa ń jí nìyẹn. Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Scott Kelly ará Amẹ́ríkà ni ọ̀gá wọn. Àwọn yòókù ni Alexander Kaleri, Oleg Skripochka àti Dmitry Kondratyev láti Rọ́ṣíà, Catherine Coleman láti Amẹ́ríkà, àti Paolo Nespoli ará Ítálì. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa wà nínú fọ́tò náà, bí a ò tiẹ̀ ní rí ọmọ aráyé kan níbẹ̀.

Aago 10:40

Òjìji òṣùpá fara kan ilẹ̀ ayé ní àríwá Algeria. Kò pẹ́ tí oòrùn fi yọ ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, tòun ti ibi tí òṣùpá ti bù jẹ lára rẹ̀.

Nǹkan bí aago 11:40

Ó ku ìyípo kan kí ISS tó dé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélàádọ́rùn-ún, ó lé díẹ̀, ló fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ayé náà ò sì dúró dè é. Ní báyìí, orí Íńdíà ló wà. Tó bá tún yí dé, Oman ló máa bá nísàlẹ̀. Ìyẹn tó bá tẹ̀ lé e, á ti sún sí ọ̀nà Òkun Pupa. Ẹni tó bá pàdánù ti aago kan ọ̀sán, ó parí nìyẹn.

Aago 12:50

Àríwá Sweden ni òṣùpá ti bo oòrùn jù, ó lé ní ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbú rẹ̀. Létí ilẹ̀ ni oòrùn sì wà níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó di 13:03, òṣùpá tuntun wọlé.

Aago 13:09

Awò-awọ̀nàjíjìn Takahashi FSQ-106ED ti wà lórí ìdúró EM-10, tó ń yí díẹ̀díẹ̀ bá oòrùn lọ. Lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 106. Canon 5D Mark II ló wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí àwọn fọtógíráfà wa ń gbé kọ́rùn lọ òde ìyàwó nígbà yẹn. Mi ò sọ pé ó pọ́ọ́kú o. Ṣùgbọ́n ọjà tẹ́nikẹ́ni lè rà ní ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo rẹ̀. Fíltà tó ń pa ìmọ́lẹ̀ kò ṣe é gbàgbé: ẹni tó bá fi awò wo oòrùn láìsí i, ojú ẹ̀ lọ.

ISS ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 7.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti etí oòrùn kan dé ìkejì, ìṣẹ́jú àáyá 0.86 péré ló máa lò. Ẹni tó bá ní kóun rí i kóun tó tẹ bọ́tìnnì, ìgbà tí ìka bá fi máa gbọ́ tojú, fọ́tò kan ti lọ sí i. Kámẹ́rà yìí sì ń ya nǹkan bíi mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ISS lè wà nínú rẹ̀. Ohun táwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń ṣe ni pé wọ́n á ti tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ ṣáájú àkókò, wọn ò sì ní tú u sílẹ̀ títí àkókò náà á fi kọjá. Aago ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ojú ọ̀run. Aago tó péye gidi sì ni, torí ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, ISS ti fi ohun tó lé ní kìlómítà méje àti àbọ̀ jù ú sílẹ̀.

Ìdá kan nínú 5000 ìṣẹ́jú àáyá ni Legault ṣí kámẹ́rà sí, lórí ISO 100. Kí kámẹ́rà tó pa dé, ISS ti rìn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ díẹ̀. Lára ohun tó fẹ̀ tó 109 mítà, ìyẹn ò lè sọ fọ́tò di bàìbàì. Kìlómítà 510 ló wà láàárín Legault àti ISS, torí ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wò ó, kì í ṣe òkè orí tààrà.

Ó ti kọjá. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ní Ìbàdàn.

Aago mẹ́ta ọ̀sán

Òjìji òṣùpá kúrò lórí ilẹ̀ ayé pátápátá. ISS ti tún yí po lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó wà nínú fọ́tò náà rèé. Òṣùpá tí jíjìn rẹ̀ sún mọ́ 400,000 kìlómítà gé apá kan oòrùn kúrò, dúdú kirikiri. Àwọn àpá dúdú wà lójú oòrùn fúnra rẹ̀. ISS wá wà ní ibi tó mọ́lẹ̀, ó kéré débi pé ó lè tó bí ogójì rẹ̀ kí ìlà tó dé etí oòrùn kejì, síbẹ̀ àwọn apá rẹ̀ tó ń gba iná oòrùn hàn ketekete. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kòkòrò ló bà sórí lẹ́ńsì.

Nígbà tí fọ́tò náà jáde, bí nǹkan mẹ́ta ṣe pàdé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ. Èmi, àkọsílẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Legault kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: ibi tó wà, aago, irú awò, iye tó ṣí kámẹ́rà sí, jíjìn ISS, ìṣẹ́jú àáyá 0.86. Ó sì kọ orúkọ CalSky síbẹ̀ pé àwọn ló ṣe ìṣirò.