Alábàárù Inú Kọ̀ǹpútà

Ìtàn tí mo mú wá jẹ́ ti alábàárù kan tí a kì í fojú rí, àti ti àwọn tí ń ṣọ́ ọ.

Ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde, wọ́n pè é ní IBM PC. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣe ìṣirò. Bí òun náà bá ní láti máa ru ọ̀rọ̀ láti orí díísìkì wọ inú ìrántí ní báìtì kọ̀ọ̀kan, kò ní ráyè ṣe nǹkan mìíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ kékeré kan tì í, Intel 8237. Iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní DMA. Ọpọlọ á sọ ibi tí yóò já ẹrù sí fún un, á sọ iye ẹrù, á sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n alábàárù yìí ní àléébù kan. Ẹ jẹ́ kí á fi ìrántí kọ̀ǹpútà wé ilé oníyàrá púpọ̀, tí báìtì 65,536 ń gbé inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí alábàárù bá dé òpin yàrá kan tí ẹrù sì kù, kì í wọ yàrá kejì. Ìbẹ̀rẹ̀ yàrá kan náà ni yóò padà sí, yóò sì máa da ẹrù lé orí ohun tó bá níbẹ̀. Ọpọlọ kò sí níbẹ̀ láti dá a dúró.

Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí kọ Linux, ètò tí ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà. Ó fi í síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Nínú apá tí ń darí díísìkì, àyẹ̀wò kan wà: ṣé ẹrù yìí yóò kọjá ògiri yàrá? Bí yóò bá kọjá, a ó gba ọ̀nà mìíràn.

Àwọn alábàárù òde òní lágbára ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ wọ́n ṣì nílò olùṣọ́. Ẹni tó bá kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ tuntun á fi í ránṣẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn kà á ní ìlà-ìlà. Wọ́n á bi í pé: Níbo ni ẹrù yóò bọ́ sí? Ṣé alábàárù ti sọ ẹrù kalẹ̀ tán kí o tó fi yàrá náà fún ẹlòmíràn? Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ta ni yóò palẹ̀ mọ́? Láti ọdún 2004 ni ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbà á wọlé ti ń fi orúkọ ara wọn sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín. Linux ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android. Bí ẹrù kan bá ṣìnà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ló lè bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnìkan bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ má ṣe bínú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó dìgbà.