Ta Ni Yóò Kọ́ Ilé Ẹ̀kọ́? Ìtàn Owó-Orí, Owó-Ilẹ̀ àti Ojúṣe Ìjọba Ìbílẹ̀ láti Ìbàdàn dé Mínná

Ìfáàrà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Maitumbi tàbí Gidan Kwano kọjá ní Mínná yóò rí i pé ìlú ń fẹ̀. Níbi tí ilé bá wà, ọmọ yóò wà. Níbi tí ọmọ bá sì wà, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, òfin ọdún 1986 fún àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ní agbára láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun, kí wọ́n fi kọ́ kíláàsì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala 106 òfin ètò ìlú ti 1990 jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ bá àwọn akọ́létà ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni òfin tiwa gbà. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ọ̀nà náà.

Ẹ̀kọ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ wa

Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún baba ọmọ. Ìjọba bù kún owó-orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ará ìlú sì kùn gidigidi. Ẹgbẹ́ NCNC fi ọ̀rọ̀ náà polongo ìbò, ó sì fẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ balẹ̀ nílé ara rẹ̀ nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Síbẹ̀, ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní January 17, 1955. Àwọn ọmọ tí kò tó 500,000 ní ọdún tó ṣáájú di iye tó lé ní 800,000. Nígbà tí ìbò agbègbè dé ní 1956, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló wọlé. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ nìkan ló mú un wọlé, ṣùgbọ́n owó tí a fi ojú rí iṣẹ́ rẹ̀ kì í dunni bí èyí tó wọ àpò tí a kò mọ̀.

Mínná: ẹrù lórí ẹnì kan, àpò lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Ọkọ̀ ojú irin ló sọ Mínná di ìlú ńlá. Ní February 3, 1976, wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Niger kúrò lára North-Western State, Mínná sì di olú-ìlú. Ní September ọdún kan náà, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wọlé, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ń rọ́ wọlé.

Lẹ́yìn náà ni òfin ilẹ̀ ti 1978 dé. Ó fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ àkóso gómìnà, ó sì fi ilẹ̀ ìgbèríko sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Òfin nọ́ńbà 21 ti 1998, tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà, tẹ̀ lé ìlànà yìí: owó ìní ilẹ̀ ìgboro di ti ìpínlẹ̀, títí dé owó orúkọ òpópónà ní olú-ìlú. Owó ìdàgbàsókè pàápàá, ti ìpínlẹ̀ ni; kò sì gbọdọ̀ ju ₦100 lọ́dún lórí ẹnì kan. Owó-orí ilé àti owó ìsọ̀ wà lára ohun tó kù fún ìjọba ìbílẹ̀. Síbẹ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kópa nínú pípèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù kọ́ ló di àpò mú.

A ti rí ibi tí èyí ń já sí. Ní 1991, ìjọba ológun tú àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ká, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ di gbèsè, ìyanṣẹ́lódì gba ìlú kan, a sì tún gbé àjọ náà dìde ní 1993. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ kún un kó tó rí owó ìkọ́lé gbà.

Ìkádìí

Àwọn kan yóò ní bí a bá gba owó lọ́wọ́ akọ́létà, ayálégbé ni yóò san án níkẹyìn. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ní Mínná kì í ṣe ilé-iṣẹ́ pàápàá. Olùkọ́ tàbí oníṣòwò tó ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń san. Kò yẹ kí a dá owó tuntun sílẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ fi òfin ya apá kan nínú èyí tó ń gbà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò tí owó náà ti wá, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní July 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ohun tí ìtàn 1952 sí 1956 fi hàn wá ni pé ará ìlú yóò san, bó bá rí kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sí.